Oúnjẹ Alẹ́ Tó Ń Rùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Wọ́n gbé e dé láàárọ̀ yìí. Kí àwọn tó gbé e tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, òórùn rẹ̀ ti ṣáájú wọn dé yàrá tí mo ti ń tún àwòrán ṣe. Mo rò pé eku ló kú sínú àjà. Àṣé àwòrán ni. "Oúnjẹ Alẹ́", èyí tí gbogbo èèyàn fi ń pọ́n olóògbé tó yà á lé, tí wọ́n tẹ̀ sára káàdì ìkíni, tí mo ti ń rí fọ́tò rẹ̀ látìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Nínú fọ́tò, kì í rùn.

Ọ̀dà olóròóró ló wà lára pátákó náà, ọ̀dà ilé wà níbẹ̀, yanrìn, àbẹ́là yíyọ́, egungun ẹja, àti búrẹ́dì. Búrẹ́dì gidi ni o. Ọkùnrin yìí mú odindi búrẹ́dì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ó kùn ún lọ́dà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ìgbà tí ilé àfihàn àwòrán wa ti rà á, yàrá ìkẹ́rùsí wa ló wà. Òrùlé jò sí i lára, ẹnikẹ́ni ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní báyìí, Ọ̀gá fẹ́ ṣe àfihàn ńlá láti fi rántí olóògbé ní ìparí oṣù keje, àwòrán yìí ló sì fẹ́ kó wà níwájú. Ó ti pe opó olóògbé pé kó wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó lè dá a dúró, Ọ̀gá ti na ìka, ó fi tẹ búrẹ́dì náà. Ó ní, "Ó mà rọ̀." Ó wá nu ìka náà mọ́ ara ògiri yàrá iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ìdin wà nínú rẹ̀. Mo fi ẹ̀mú kékeré fa ọ̀kan jáde látinú búrẹ́dì. Ó ká kò, ó tún na ara rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí inú ń bí. N kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo dì í sínú ọ̀rá tó nípọn, mo kó àwọn àpò pélébé tó máa ń fa atẹ́gùn mu sí i nínú, mo sì fi irin gbígbóná lẹ ẹnu ọ̀rá náà pa. Ohunkóhun tó bá ń mí nínú ibẹ̀, kó máa sọ pé ó dìgbóṣe. Oṣù tó ń bọ̀ ni màá tó tú u.

Ọ̀gá ò fẹ́ dúró. Ó béèrè pé kí ló dé tí a ò kàn fín oògùn ẹ̀fọn sí i. Mo ṣàlàyé fún un pé oògùn yẹn lóròóró, pé yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀dà títí láé. Ó ń jẹ ẹ̀pà bí mo ṣe ń ṣàlàyé, èèpo ẹ̀pà ń já bọ́ sórí ọ̀rá náà.

Nílé, ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, ní ká ní òun fẹ́ máa sùn ti àkìtàn ni, òun ìbá ti kó lọ síbẹ̀ tipẹ́, torí pé wọn kì í gba owó ilé níbẹ̀. Àwọn ìbejì rẹ́rìn-ín títí. Mo sá aṣọ iṣẹ́ mi síta, mo fi ọṣẹ fọ irun mi, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ òórùn náà nínú ihò imú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Yàrá tí wọ́n ní kí n ti máa tún ohun tí òjò bà jẹ́ ṣe, òun náà ń jò. Mo gbé bákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Mo fi tapólì bo àwòrán náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Mo tú ọ̀rá náà lónìí. Àwọn ìdin ti kú. Ikú wọn ò sì ní kí òórùn náà dín kù, ńṣe ló le sí i. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá wọn jọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń fà wọ́n mu. Ìgbẹ́ wọn pọ̀ ju àwọn fúnra wọn lọ. Ó rí bí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Mo wọ ìbòmú méjì lórí ara wọn.

Òwú ti tún gbówó lérí. Mo ti ní kí wọ́n rà á wá bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Òní ni mo tó wo àwòrán náà dáadáa. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ tàn sójú rẹ̀, gbogbo ibi tó ti wú àti ibi tó ti ṣí kúrò lára pátákó sì hàn. Lẹ́yìn náà, mo pa iná yàrá, mo tan àtùpà aláwọ̀ àlùkò tó máa ń fi ọ̀dà tí wọ́n kùn lé ọ̀dà hàn. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí fọ́tò àwòrán yìí mọ̀ pé aṣọ orí tábìlì inú rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa àwòrán pè é ní ìpẹtà. Wọ́n ní ńṣe ni olóògbé bu omi irin tó ti dógùn-ún sí i, wọ́n kọ ojú ìwé bíi mélòó kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà níwájú mi, funfun ni. Ẹnì kan ti mú ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn, ó fi bo gbogbo aṣọ tábìlì náà láti apá òsì dé apá ọ̀tún, bí ìgbà téèyàn bá ń kun ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ọ̀dà náà tilẹ̀ ta sára búrẹ́dì.

Mo gé èépá bíńtín láti etí rẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú máíkírósíkóòpù. Ọ̀dà ti olóògbé wà nísàlẹ̀, eruku wà láàárín, ọ̀dà funfun wá wà lókè. Eruku yẹn ò lè jọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan tàbí méjì. Àwòrán yìí ti pẹ́ lára ògiri kí ọ̀dà funfun tó dé. Kì í ṣe ọwọ́ olóògbé.

Ọ̀lẹ kan ló pe ara rẹ̀ ní alátùn-únṣe. Ó rí ibi tó bà jẹ́, dípò kó tún un ṣe, ó bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ burúkú rí, ṣùgbọ́n èyí kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ò lójú, kò lọ́wọ́, kò sì nítìjú. Ọ̀gá ní kí n ṣí i kúrò. Òun nìkan lọ̀rọ̀ tí a jọ fẹnu kò lé lórí láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kárùn-ún

Ilé ìwòsàn ti èèyàn kọ̀ láti ya fọ́tò inú àwòrán fún wa. Ilé ìwòsàn ti ẹran la gbé e lọ. A tò sẹ́yìn àgbò tó dá lẹ́sẹ̀. Ajá kan wá gbé ẹsẹ̀ sókè sí etí pátákó náà, ó sì ṣe é sí i lára kí n tó fà á kúrò. Olówó rẹ̀ ní kí n má bínú, pé ohun tó bá wu ajá òun ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Mo fi òwú nù ún níbẹ̀, lójú gbogbo wọn.

Ọkùnrin tó ń ya ẹ́síréè gbé fọ́tò náà sójú iná. Mo rò pé ìṣó àti egungun ẹja ni màá rí. Mo rí ìṣó, mo rí egungun ẹja. Lábẹ́ ọ̀dà funfun, mo tún rí bọ́tìnnì onírin tó tò tẹ̀ léra láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo rí ọrùn aṣọ. Ọ̀dà ti jọ sínú ibi tí aṣọ náà ti ká, ó sì fi ojú ibi tí wọ́n ti ká etí rẹ̀ rán hàn kedere. Apá rẹ̀ kan ká sábẹ́.

Aṣọ tábìlì kọ́ nìyẹn. Aṣọ àwọ̀sùn obìnrin ni.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni láti máa wo ohun tí ẹran gbé mì. Ó wò ó, ó ní, "Màmá Ìbejì, àwòrán yín yìí gbé èèyàn mì ni."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti ń ṣí ọ̀dà funfun náà láti àná. Mo fi kẹ́míkà tó nípọn bí ògì lé e, mo dúró kó rọ̀, mo wá fi ọ̀bẹ tín-ínrín gbé e sókè. Bí awọ ara tí oòrùn bó ló ṣe ń ṣí. Ibi tó bá ku eruku, itọ́ ẹnu mi ni mo fi ń nù ún, torí kò sí ohun tó ń mú eruku bẹ́ẹ̀ láìpa ọ̀dà lára bí itọ́. Àtàárọ̀ ni mo ti ń ki òwú tuntun bọ ẹnu, tí mo ń fi nu ara nǹkan yìí. Òwú tó bá ti kan án kì í padà sẹ́nu mi.

Aṣọ náà búlúù, ó ní òdòdó kéékèèké tí kò hàn nínú fọ́tò. Àwọ̀ ilẹ̀ rúsúrúsú yẹn ti gbà á láti àárín títí dé ìsàlẹ̀. Mo ti ń wo ìpẹtà láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ìpẹtà kì í gba ara aṣọ bẹ́ẹ̀. Kì í le bí ìpápá ojú egbò.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi fún mi ní ìwé pélébé tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ aláìsàn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Mo fi omi rin ín, mo fi kan etí ibẹ̀. Ó di àwọ̀ ewé lójú mi. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọ̀ ewé náà ni.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣé gbogbo wa la ti ń ra káàdì ìkíni tí wọ́n ya ẹ̀jẹ̀ obìnrin sí?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo sọ fún Ọ̀gá. Mo rò pé yóò jáyà, ó kéré tán. Ńṣe ló pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ máa ń fa èrò. Ó ní kí n ṣí ìyókù kíá, kí òun lè pe àwọn oníwèé ìròyìn, kí opó olóògbé sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n yà wọ́n pọ̀.

Mo ní ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ bi Màmá, opó olóògbé, léèrè aṣọ ta ni. Ó ní ìyá àgbà ni, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà. Ó fi igun káàdì kan yọ ẹ̀pà láàárín eyín rẹ̀, ó wò ó, ó tún dá a padà sẹ́nu.

Mo jáde. Mo pe Màmá fúnra mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Màmá wá lónìí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì rọra ń rìn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kọjá mi lọ sórí tábìlì. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ ti bó o."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ku ìdajì. Ẹnì kan ló ti fi ọ̀dà ilẹ̀kùn bà á jẹ́."

Ó ní, "Ọwọ́ mi nìyẹn."

Gbogbo èébú tí mo ti bu ẹni yẹn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ń padà sí mi lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fa àga fún un. Ó pẹ́ kó tó jókòó, nígbà tó sì jókòó, ó yí àga náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kọ sí tábìlì. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí, kò gbé ohùn sókè rárá.

Òun ló rán aṣọ náà. Iṣẹ́ aránṣọ ló ṣe títí ojú rẹ̀ fi bàìbàì. Ó rán an nígbà tó lóyún àkọ́kọ́, ó fi bọ́tìnnì síwájú rẹ̀ kó lè rọrùn láti fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ náà dé ṣáájú oṣù rẹ̀. Wọ́n gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn, wọ́n bọ́ aṣọ náà, wọ́n sì fún ọkọ rẹ̀ pé kó mú un lọ sílé. Ọmọbìnrin ni. Kò ké rárá. Nígbà tí Màmá padà délé, ó wá aṣọ náà láti fọ̀ ọ́, torí òun ló kù tí ọmọ náà fara kàn. Ó wò ó nínú báàfù, ó wò ó lórí okùn. Yàrá iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ti rí i. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì tutù. Ó ti to búrẹ́dì yí i ká.

Mo béèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ.

"Ó ní, 'Wò bó ṣe rẹwà.'"

Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwọn èèyàn pàtàkì ń wá láti ìlú òkèèrè wá wò ó, Màmá á sì gbé omi fún wọn. Wọ́n á bi olóògbé pé báwo ló ṣe rí àwọ̀ ìpẹtà yẹn ṣe, á rẹ́rìn-ín, á ní àṣírí òun ni. Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n bí àwọn ọmọ mìíràn, àwọn yẹn sì ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà rìnrìn àjò, Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ra agolo ọ̀dà funfun, ó gun orí àga.

"Kí ló ṣe nígbà tó dé, Màmá?"

"Ó tà á fún yín."

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo lè yọ aṣọ náà fún òun. N kò lè purọ́ fún un. Mo ní gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti kú, pé tí mo bá ki ọ̀bẹ sábẹ́ rẹ̀, yóò ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi láti fún un. Tí mo bá fún un, wọ́n á tọ̀ ọ́ délé lọ gbà á padà. Ó mi orí. Ó ní òun kàn béèrè ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Bí n bá rántí "Wò bó ṣe rẹwà" ni. Kì í ṣe ìdin, kì í ṣe búrẹ́dì. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan níbi iṣẹ́.

Mo sọ fún Bàbá Ìbejì nírọ̀lẹ́. Kò dápàárá kankan. Ó dìde, ó lọ sí yàrá àwọn ìbejì, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ilé wọn. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìpàdé ní ọ́fíìsì Ọ̀gá: òun, Màmá, èmi. Mo sọ pé mo lè fi nǹkan funfun mìíràn bo ibi tí mo ti ṣí, irú èyí tó ṣeé ṣí kúrò lọ́jọ́ iwájú láìpa ohunkóhun lára. Ọ̀gá ní láéláé. Ó yà mí lẹ́nu pé Màmá náà ní rárá. Ó ní òun ti rò ó. Òun bò ó nígbà yẹn torí òun ò lẹ́nu. Ìyókù ọ̀dà funfun yẹn, kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ibi tí mo sì ti ṣí, kó wà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ káàdì àlàyé tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ló fẹ́ bá wa sọ.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, bí a ṣe ń kọ ìyẹn wà. Ohun tí wọ́n fi ṣe àwòrán nìkan là ń kọ síbẹ̀."

"Ohun tí wọ́n fi ṣe é ni mo ní kí ẹ kọ."

"Kò burú. A ó kọ ọ́ pé aṣọ."

"Aṣọ ta ni?"

Ọ̀gá wo òrùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ̀ tí olóògbé ní káàkiri ayé, nípa àwọn àlejò tó ń bọ̀. Màmá dúró títí ó fi parí.

"Ẹ kọ ọ́ pé aṣọ ìyàwó rẹ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tó bí ọmọ wọn àkọ́kọ́ tó kú, pé kò tọrọ aṣọ náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣòro láti kọ, kò burú. Ẹ ṣáà ti ní kí n wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Màá fẹnu mi sọ ọ́."

Ọ̀gá yíjú sí mi bí ẹni tó fẹ́ kí n gba òun sílẹ̀. Mo ní èmi ni mo máa ń fọwọ́ sí i pé àyẹ̀wò ti parí kí àwòrán tó lè gun ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ni àyẹ̀wò rí. N kò ní fọwọ́ sí ìpẹtà.

Ó ní ká jẹ́ kí òun rò ó. Ní aago mẹ́rin, ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun gbà. Kì í ṣe pé ojú ń tì í o. Ẹ̀rù ẹnu Màmá ló ń bà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mo fi gọ́ọ̀mù tuntun tẹ àwọn ibi tó ti ń ṣí mọ́lẹ̀. Mo dí ihò ìdin. Mo dúró níbi tí apá aṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì kọjá ibẹ̀. Apá òsì jẹ́ aṣọ Màmá, apá ọ̀tún jẹ́ ọ̀dà rẹ̀. Mo fi gíláàsì bò ó. Òórùn náà ṣì ń gba etí gíláàsì jáde díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó ti gun ògiri. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wa tẹ káàdì pè mí, ó ní ṣé ohun tí a fẹ́ kó tẹ̀ gan-an nìyí. Mo ní kó má yọ lẹ́tà kan. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: ọ̀dà olóròóró, ọ̀dà ilé, yanrìn, àbẹ́là, egungun ẹja, búrẹ́dì, aṣọ àwọ̀sùn ìyàwó rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ wà lára rẹ̀, ọmọ náà kú, kò tọrọ aṣọ náà, ọ̀dà ilẹ̀kùn funfun, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Èrò pọ̀. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n to tábìlì oúnjẹ sínú gbọ̀ngàn kan náà, níwájú àwòrán gan-an, torí ó rò pé àwàdà tó dùn ni. Nígbà tí wọ́n pe Màmá pé kó wá sọ̀rọ̀, ó dìde, ó ní kí wọ́n ka káàdì, ó sì jókòó.

Wọ́n tò lọ kà á. Mo dúró ti ògiri, mo ń wo ojú wọn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ka ti búrẹ́dì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ka ìyókù. Àwọn tó ti gbé fóònù sókè láti yà á rọra dá a padà sápò. Ọkùnrin tó kọ ìwé nípa ìpẹtà wá bá mi. Ó béèrè ẹni tó gbà kí a kọ irú nǹkan báyìí sí ara ògiri, ó ní káàdì yẹn ti ba àwòrán náà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo ní ó ti bà jẹ́ mọ́ èmi náà lọ́wọ́, sà.

Ẹnikẹ́ni ò lè jẹun. Wọ́n mú àwo dání, wọ́n wo ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀. Ọ̀gá ń lọ káàkiri, ó ń rọ̀ wọ́n. Òun náà ò jẹ.

Màmá ló lọ síbi tábìlì. Ó bu oúnjẹ tó pọ̀ díẹ̀, ó ní kí n bá òun gbé àga wá. Ó jókòó síwájú àwòrán náà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ojú rẹ̀ sì kọ sí gbogbo wọn. Ó jẹun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò yára, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n bá òun bu díẹ̀ sí i.

Mo bù ú wá.